Ìdáhùn Tó Ti Ẹ̀yìn Wá

Ilé Kẹsàn-án, Òpópónà Tannery,
Corliss Mills,
Vermont.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2019.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Marguerite,

Báwo ni ara? Báwo ni ilé? Ṣé oòrùn Arizona kò tíì yan yín gbẹ? Russ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń tẹ̀ dáadáa? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń rún imú bíi tìrẹ nígbà tí inú bá ń bí i? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Emile ọkọ mi ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò dí i lọ́wọ́ oúnjẹ, nítorí náà mi ò kà á sí. A rí fọ́tò igi ọsàn yín. O kò ṣe é re. Èèyàn ń fi ṣọ́bìrì wá ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ nínú yìnyín, ìwọ ń fi ọsàn han èèyàn.

Nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, o ní ohùn mi kò dùn, mo ní òtútù ni. Kì í ṣe òtútù. Emile ló jókòó tì mí, mi ò sì tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, torí bó bá gbọ́, ó parí, mi ò ní tẹ òkè mọ́ láyé. Ìwọ ni mo lè sọ ọ́ fún, nítorí o ti bá wa rìn dáadáa kí ẹ tó kó lọ. Jọ̀ọ́, má kà á sétí Russ. Ẹnu rẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí a ti sin Màmá Odette, ìyàwó Bàbá Merritt, nígbà tí ewé ń wọ́, Bàbá kò bá wa jáde mọ́. Ẹni tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tó sì máa ń fi àwa ọmọdé sílẹ̀ sẹ́yìn lórí òkè Hollis, ó wá di ẹni tí ń jókòó sí kíṣìnì pẹ̀lú rédíò. Àǹtí Gwen ní àwọn kò gbà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ aláìsàn wọn ni gbogbo ìlú. Láàárọ̀ Sátidé, Àǹtí Gwen lọ yọ bàtà yìnyín Bàbá kúrò lára ògiri, wọ́n so ó mọ́ orí ọkọ̀, wọ́n ní bí Bàbá kò bá jáde, bàtà nìkan á lọ. Bàbá jáde. Àwa mẹ́ta la lọ.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Yìnyín tuntun ti bọ́ lóru, ó jìn débi pé láìsí bàtà pẹrẹsẹ yẹn lẹ́sẹ̀, èèyàn á rì dé itan. Ìwọ náà rántí bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni iwájú ló ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ fún àwọn tó kù. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jẹ́ kí gbogbo wa kọjá, á wá bọ́ sẹ́yìn. Ẹni iwájú kì í bojú wẹ̀yìn, ojú ọ̀nà ló ń wò. Á kàn lu ọ̀pá ìtilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kọ́ kọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á sì lu tirẹ̀ padà. Ohun tí ìdáhùn yẹn ń sọ ni pé a pé, ẹ máa lọ. Ẹ̀dọ̀fóró Màmá Odette kò lè gbà kí wọ́n tẹ ọ̀nà, nítorí náà ẹ̀yìn ni ipò wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bàbá á wà níwájú, Màmá á wà lẹ́yìn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pá Bàbá dákẹ́ tán kí wọ́n tó dáhùn. Emile máa ń sọ pé ọ̀pá ni tọkọtaya náà fi ń jiyàn.

Bàbá ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀nà. Àǹtí Gwen ní Bàbá ti dógùn-ún nínú ilé, Bàbá ní irin tó dógùn-ún sàn ju ẹnu tí kò sinmi lọ. Inú mi dùn láti gbọ́ èébú náà. Lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá yẹn, níbi tí igi páìnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí àwa máa kọjá. Bí mo ṣe ń kọjá, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Mo rò pé wọ́n ń dúpẹ́ ni, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá.

Kò pẹ́ tí kùrukùru dé. Kò rọra dé o. Igi tó wà níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí mi ò fi rí ju ẹ̀yìn ẹ̀wù pupa Àǹtí Gwen lọ. Mo fi fìlà ẹ̀wù bo orí, mo tẹrí ba, mo ń tẹ̀ lé wọn. Àǹtí Gwen lu ọ̀pá, ìdáhùn ti ẹ̀yìn wá. A ń rìn lọ, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lù ú ni ìdáhùn ń wá. Mo tilẹ̀ ń rò ó lọ́kàn pé Bàbá ti ń dáhùn kíákíá bíi ti ìyàwó wọn.

Nígbà tó rẹ Àǹtí Gwen, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bọ́ síwájú, mo lu ọ̀pá. Ìdáhùn wá. Mo ti rìn síwájú díẹ̀ kí n tó gbọ́ tí Àǹtí Gwen pe orúkọ mi, wọn kò pariwo, wọ́n rọra pè é ni. Mo padà. Ibi tí mo ti fi wọ́n sílẹ̀ náà ni wọ́n dúró sí.

"Thea, Merritt dà?"

"Wọ́n wà lẹ́yìn. Ṣebí ẹ gbọ́ wọn báyìí."

"Mo gbọ́ wọn. Mo dúró kí wọ́n kọjá kí n lè bọ́ sẹ́yìn wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọjá."

Mo lu ọ̀pá mi. Ìdáhùn wá, ó sún mọ́ wa gan-an, ní ojú ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹsẹ̀ èmi àti Àǹtí Gwen nìkan ló wà nínú yìnyín náà. Àǹtí Gwen ní òtútù máa ń mú kí igi sán. Òótọ́ ni, o mọ̀ pé ó máa ń sán. Ṣùgbọ́n igi kì í dúró kí a béèrè kó tó dáhùn. Àǹtí Gwen, tó ti fọwọ́ pa ojú òkú dé láìmọye ìgbà, di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Marguerite, ẹ̀rù bà mí. Ohùn yẹn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n Bàbá ló bà mí lẹ́rù jù. Ìdáhùn náà la gbẹ́kẹ̀ lé tí a kò fi wẹ̀yìn, a sì ti rìn jìnnà. Ẹni tó bá jókòó sínú òtútù yẹn, oorun ni yóò kọ́kọ́ gbé e. A padà sẹ́yìn bí agbára wa ṣe mọ, a ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, títí tí a fi rí ibi tí ẹsẹ̀ bàtà kan ti yà wọ inú igbó páìnì.

Abẹ́ àpáta kan la ti bá wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn tì í. Wọ́n ti bọ́ bàtà yìnyín, wọ́n fi gún ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ọ̀pá méjèèjì dúró tì í. Kùrukùru ti dì bíi yìnyín bo orí ọ̀pá náà láìyẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ kankan ti kàn án.

Bàbá ní, "Ẹ máa lọ. Mo ń sinmi ni."

Àǹtí Gwen ní, "Èèyàn ń sinmi, ó bọ́ bàtà?"

Èmi ni Bàbá kọjú sí. "Mo bọ́ sẹ́yìn yín, Thea. Gwen lu ọ̀pá. Kí n tó gbé tèmi sókè, ẹnì kan ti dáhùn lẹ́yìn mi. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá, àbí? Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. O mọ ẹni tó ń dáhùn báyẹn. Mo ní kí n dúró dè é, torí kò lè yára."

Mo fẹ́ sọ pé àwa náà gbọ́ ọ, mo sì rí i pé bí mo bá sọ ọ́, wọn kò ní dìde mọ́. Àǹtí Gwen kò bá wọn jiyàn rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú okùn bàtà tiwọn náà, wọ́n fi gún ilẹ̀, wọ́n jókòó ti Bàbá.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń sinmi."

"Gwen, orúnkún yín á dì."

"Kó dì."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tèmi. Ìka mi ti kú, mi ò rí okùn náà mú dáadáa. Bàbá wò mí, wọ́n wo Àǹtí Gwen, wọ́n ní àwọn kò rí alágídí obìnrin báyìí rí, pé Emile á máa sọ kiri pé àwọn ló pa ìyàwó òun. Wọ́n wá na ọwọ́ sí bàtà wọn. Ọwọ́ náà kò ká mọ́. Àǹtí Gwen ki ọwọ́ Bàbá méjèèjì bọ inú ẹ̀wù tiwọn, wọ́n fi abíyá mú un, èmi ni mo so okùn bàtà fún Bàbá. Bàbá mu kokó gbígbóná díẹ̀ nínú fúláàsì. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún.

Nígbà tí a ó fi máa sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Gwen ṣíwájú, Bàbá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn. Mo so ọ̀pá mi mọ́ àpò ẹ̀yìn, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di okùn àpò Bàbá mú, bóyá ẹsẹ̀ wọn á yọ̀. Mo ti sọ fún Àǹtí Gwen pé ẹnu ni mo máa fi dáhùn. Bí a ṣe dé ojú ọ̀nà, wọ́n gbàgbé, wọ́n lu ọ̀pá bí ó ti mọ́ wọn lára.

Kọ́ kọ́. Ẹ̀yìn mi ló ti dáhùn. Ó sún mọ́ mi débi pé mo gbọ́ bí yìnyín ṣe ń já bọ́ lára ọ̀pá náà.

Bàbá dúró. Wọn kò yíjú padà. "Thea, ìwọ ni?"

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà ni okùn àpò, òun nìkan. Bí mo bá ní kì í ṣe èmi, wọ́n á yí padà, agbára mi kò sì ní ká wọn.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Àǹtí Gwen lu ọ̀pá títí a fi délẹ̀ ni ìdáhùn náà ń wá. Mi ò wẹ̀yìn, Marguerite. Mo gbàdúrà tí mo mọ̀, mo tún gbà á. Nígbà tí a rí iná ọ̀nà ọkọ̀, Àǹtí Gwen lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ẹni tó dáhùn.

Àǹtí Gwen lọ tan ọkọ̀ kó lè gbóná. Mo kúnlẹ̀, mo ń tú okùn bàtà Bàbá, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá tó wà lẹ́yìn àpò mi.

"Ibí ni èyí wà láti òkè."

Mi ò lè gbójú sókè. Mo ní kí wọ́n má bínú.

"Mi ò bínú. Kí ni ìdáhùn ẹni ẹ̀yìn ń sọ, Thea?"

"Pé a pé. Kí ẹni iwájú máa lọ."

"Ohun tó ń sọ fún mi láti àárọ̀ nìyẹn. Èmi ni mo rò pé ó ń pè mí." Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn yọ nínú bàtà náà, wọ́n wọ ọkọ̀.

Mo ti gbé e kúrò lọ́kàn mi báyìí, ó ti wà lọ́rùn ìwọ náà. Bá mi kí Russ, kí ó máa ṣọ́ra lórí àtẹ̀gùn. Bá mi kí gbogbo àwọn ọmọ. Àǹtí Gwen kí ọ, wọ́n ní ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn, pé kí o gbàgbé ẹ̀. Bàbá Merritt tẹ̀ mí láago láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní a tún ń lọ ní Sátidé, àwọn ló máa tẹ ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn du iwájú. Àǹtí Gwen ti yára gba àárín. Bí àdúrà kan bá kù lẹ́nu rẹ, bá mi gbà á.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni tó máa wà lẹ́yìn,
Thea.