Ikú Àǹtí Szeto, Ẹni Tó Ń Pe Àwọn Àgbà Jáde Nílé

Láti ọwọ́ Yip Sau-han, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alábàárò Àwọn Ará Ṣáínà Tó Ṣí Wá, Melbourne
Sí Bàbá Kwong Man-tat àti ọmọ wọn, Chi-ho

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, Àǹtí Szeto Wai-ping sin obìnrin àgbàlagbà kan lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó díẹ̀ kí òtútù ẹsẹ̀ àwọn rọlẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́. Ọkàn wa wúwo bí a ti ń kí ẹ̀yin méjèèjì kú ìrọ́jú, ti aya àti ti ìyá.

Bàbá, ẹ mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wá láti Ṣáínà bá Chi-ho tọ́jú ọmọ, odidi ọdún kan ni Àǹtí kò fi kọjá ẹ̀yìnkùlé. Wọn kò lè ka orúkọ òpópónà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí àwọn bá yà ní ìkóríta kan, àwọn kò ní rí ilé mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, igi àti àwọ̀ òrùlé ni wọ́n fi sàmì ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rìn káàkiri àdúgbò bí oòrùn bá ràn, tí wọ́n ń wá ilé tí wọ́n sá ẹ̀fọ́ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ojú ọgbà rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àgbà kan láti ọ̀dọ̀ wa ń bẹ nínú ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí Ìyá Tam, igbákejì alága wa lónìí. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni Ìyá Tam ti sọ pé ọmọ òun kìlọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Àǹtí ní, "Ẹ má ṣí i fún mi. Ta ló fẹ́ wọlé? Ara yín ni kí ẹ ṣí i fún, kí ẹ jáde."

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ kan lọ́sàn-án nígbà náà, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, mo sì ń sùn sí yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí. Fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni ìwé ìrìnnà mi wà. Àǹtí wọlé, wọ́n ra abọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì kan, wọn kò jẹ ẹ́. Wọ́n sọ fún ọ̀gá náà pé kì í ṣe ebi ló gbé àwọn wá, ìwé ọmọbìnrin yẹn ni àwọn ń dúró dè. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wò, ọ̀gá mú ìwé náà jáde.

Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni Àǹtí kò rí pè jáde. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa pé bí àwọn bá ní kí ẹ bá àwọn wá sí ìpàdé, ẹ ó ní ta ni yóò ṣọ́lé. Àwọn á ní, "Bàbá Chi-ho, ilé ò lẹ́sẹ̀, níbo ló fẹ́ sá lọ?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ló ń ra oúnjẹ, àwọn ló ń dá ẹni tó bá kanlẹ̀kùn lóhùn, àwọn ló ń bá yín sọ èdè abúlé yín ní Taishan. Chi-ho ní kí ẹ wá máa bá òun gbé ní ìlú ìwakùsà tí iṣẹ́ gbé òun lọ, ẹ kọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n ilé Taishan ni ẹ tà láti fi ra èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a wá pè yín jáde. Láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ni ẹ ti sọ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í wọ ilé onílé, kó má baà gbé àjálù bá wọn. Òótọ́ ni, àwa náà ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Etí odò kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ ti ṣèlérí pé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Tam, tí ọkọ tiwọn náà ti kú, yóò gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà yín, wọn ó sì dúró. Wọn kò ní wọlé. Bí ẹ kò bá jáde, wọn ó tún padà wá. Chi-ho, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èyí.

Kí Ọ̀run tù yín nínú, kí ó fún Àǹtí ní ìsinmi, kí ó má jẹ́ kí ilé yìí di ẹ̀wọ̀n fún yín.

Bàbá, a mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún ní ìlú yìí. Òun la pàdánù.