Orin Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Abúlé Gamcheon,
Yeongyang.
Ìgbà ìkórè, ọdún kejì lẹ́yìn ogun.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Irun gègé yìí ti ń re, ọ̀rọ̀ sì ń sáré nínú mi. Kí n tó rí ọ̀kan kọ sílẹ̀, èkejì á ti sá lọ. Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé orúnkún yín kò yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tútù tó ti dé yìí? Ṣé àbúrò mi ti ká èso igi gam ẹ̀yìnkùlé kí ẹyẹ tó jẹ ẹ́ tán? Ara èmi le, mò ń jẹun, mò ń sùn díẹ̀. Ọkàn mi nìkan ni kò jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ju gègé sílẹ̀ láti wo ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà yìí kò sì tíì dé ibì kan.

Nínú ilé yìí, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi. "Ìyàwó ará Hanbat" ni gbogbo wọn ń pè mí, orúkọ abúlé wa ni wọ́n dì mú. Mal-sun, àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, síbẹ̀ "ẹ" ni mò ń bá a sọ bí ẹ ṣe kọ́ mi, ó sì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n tún òun kí, ó ní "ẹ káàárọ̀" ti àkọ́kọ́ kò dé òun nínú. Ọkọ mi jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Yàrá ìta, ti àwọn ọkùnrin, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló máa ń wà, nídìí ìwé àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń kà. Bí a bá pàdé nídìí kànga, korobá ni àwa méjèèjì máa ń wò.

Ìyá mi, ìpàdé àárín ọ̀nà ni kò jẹ́ kí n sinmi. Láti ìgbà tí ẹ ti ránṣẹ́ pé ẹ ó gun òkè Baejae ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún òṣùpá ìkórè, pé kí èmi náà ti ìhà ibí gùn ún kí a lè jọ jókòó títí oòrùn yóò fi wọ̀, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo fi iyọ̀ sí omi ìfọṣọ. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ó ní, "A ó rí i." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu ìyá ọkọ ni ọ̀nà ilé ìyàwó wà.

Ẹ̀yìn èyí ni mo wá ba nǹkan jẹ́. Ẹ mọ̀ pé kí ọdún tó dé la máa ń pààrọ̀ bébà ara ògiri. Ìyá ọkọ mi ń lọ sí oko ata, ó ní kí n se ògì tí a fi ń lẹ bébà, kí n mú bébà àlòkù nínú àpótí, kí n fi ṣe ìpele àkọ́kọ́ ní yàrá òun, kí a tó fi funfun bò ó. Ìdì méjì ni mo bá níbẹ̀. Mo mú èyí tó wà lókè. Ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ ń ṣàn bí omi, lẹ́tà kan ń wọnú èkejì, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìyá, ìgbà òtútù mẹ́ta péré ni mo fi kàwé, lẹ́yìn tí àwọn ará Japan lọ, tí a tún láǹfààní láti fi èdè wa kọ́ ọmọ. Lẹ́tà tó dúró ṣánṣán bí ti ara pátákó ni mo mọ̀, èyí tó rí bí ẹnu, èyí tó rí bí eyín, tí wọ́n jókòó pọ̀ bí ará ilé kan. Mo rò pé ọmọdé ló fi gègé ṣeré. Mo lẹ gbogbo rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dé orí ilẹ̀kùn, inú mi sì ń dùn pé ọwọ́ mi yá.

Mal-sun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ògiri, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ìyàwó," ló wí, "orin ìyá ìyá mi lo lẹ̀ mọ́ ògiri yìí. O tún dorí ọ̀kan kodò. Ẹni tó bá fẹ́ kà á á fi orí dúró."

Orin tí ìyá tó bí ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú bébà fún un, nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ni. Ìyá náà ti kú. Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé, agbọ̀n ata ṣì wà lórí rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ògiri, ó sì jáde. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, èmi náà kò lè jẹ. Ọkọ mi bá mi nídìí kànga, ó béèrè bóyá kí òun bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti di ẹrù mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin igun kan kí n lè ṣí i. Ìyá ọkọ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Wàá bó o láwọ." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ka ìlà yìí fún mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀ ọ́n kà. Ìdí tí mo fi lẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Ó ní, "Ará Hanbat yìí, o ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?" Ó mú igi tó fi ń wọn aṣọ, ó gbé e lé ògiri. "Èyí ni 'ọmọ mi'. Ìyá mi kì í gbé gègé sókè kí ọ̀rọ̀ tó tán. Má wá ibi tó dúró. Máa bá a lọ."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń dúró síwájú ògiri lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èmi tí mo lẹ̀ ẹ́ ti da ètò rẹ̀ rú, a ó kà nídìí fèrèsé, a ó fò dé ẹ̀gbẹ́ àpótí, Mal-sun á sì máa bi wá bóyá a ti dé Seoul. Ìyá ọkọ mi mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀, bí ó bá ti kan bébà orí ilẹ̀kùn, ibi tí orin náà parí sí, á ní ìkòkò ń hó, á jáde lọ. Nígbà tí a ń bó èso, ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun bá ìyá òun pàdé láàárín ọ̀nà látìgbà tí òun ti wọlé ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá ọkọ tirẹ̀ kò gbà mọ́, nígbà tó sì wá gbà, ogun dí ọ̀nà. Mo béèrè nípa òkè Baejae. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá dá ka orí ilẹ̀kùn, a ó sọ̀rọ̀."

N kò tíì kà á, Ìyá. Ọ̀la ni ọkùnrin tó ń ta ẹja oníyọ̀ yóò gba ibí kọjá, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí bọ̀. Nítorí náà, n kò lè sọ pé mò ń bọ̀, n kò sì fẹ́ sọ pé n kò ní í wá. Bí oòrùn bá yẹ̀ àtàrí tí ẹ kò rí mi, ẹ má dúró sínú atẹ́gùn, ẹ máa lọ sílé.

Kí ọ̀nà gbà yín láyọ̀. Kí ìrẹsì yín kún àká, kí orúnkún yín gbé yín dé ibi tí ọkàn yín ń lọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó wà nílé ọkọ,
Pil-rye.

Mo gbàgbé. Rárá, n kò gbàgbé, ìsinsìnyí ló ṣẹlẹ̀. Mo ti ka bébà orí ilẹ̀kùn. N kò ní í kọ ohun tó wà níbẹ̀ síbí, ti ìyá ọkọ mi ni. Mo kà dé àárín, n kò gbúròó igi rẹ̀ lára ògiri mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti jókòó sílẹ̀, ó nawọ́ pé kí n máa kà á lọ. Mo dá a kà tán. Ó wá bi mí bóyá yànmọ̀tí ni ìyá mi fẹ́ràn nínú àkàrà ìrẹsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èso ni òun fẹ́ràn ní tòun, nítorí náà a ó ṣe méjèèjì. Ó ń pè mí báyìí, ìrẹsì ti rọ̀. Ìyá mi, ẹ mú ẹní tó fẹ̀ dání, nítorí bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ẹ̀yin, èmi àti òun, àwa mẹ́ta la ó jọ jókòó lórí òkè.