Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Effie Matheson, Olùtọ́jú Kọ́kọ́rọ́ Itẹ́ Òkú Àtijọ́ ti Kilvarra

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1936, nígbà tí yìnyín bo ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí agbẹ̀bí fi ní láti gun ẹṣin wá, ni a bí Màmá wa, Olóògbé Effie Matheson, sínú ilé àwọn MacRae ní Kilvarra, láàárín àwọn òkè àríwá ilẹ̀ Scotland. Ruairidh MacRae, darandaran àgùntàn, ni bàbá wọn. Ceit, ọmọ apẹja láti etí òkun, ni ìyá wọn. Ìran méje àwọn MacRae ló sùn sí itẹ́ òkú tó yí ilé ìsìn àtijọ́ Kilvarra ká, níbi tí àwọn àlejò ti ń wá wo òkúta àgbélébùú lóde òní. Màmá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ibẹ̀ ní ibi ìgbafẹ́. Wọ́n á ní, “Ilé àwọn èèyàn mi ni. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé.”

Láti ọdún 1941 sí 1950, Màmá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì mọ orin sáàmù kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wọ́n lára jù, ẹsẹ̀ ìyá àgbà wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ẹni tí a bá sin kẹ́yìn sí itẹ́ òkú ni yóò máa dúró ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn, títí a ó fi sin ẹlòmíràn tí yóò gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó ráyè sùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìsìnkú méjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà ní Kilvarra, eré ni àwọn tó gbé pósí máa ń sá. Àwọn baba arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn á gbàgbé pé orúnkún ń dun àwọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, Torquil Matheson, káfíńtà àti alàgbà ìjọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Alasdair ní ọdún 1958, Catriona ní oṣù karùn-ún ọdún 1959, àti Shona ní ọdún 1963.

Ní oṣù kẹta ọdún 1968, ibà mú Catriona. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ sin ín náà ni wọ́n fẹ́ sin Bàbá Murdo Gillies, darandaran ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, pósí méjèèjì sì pàdé níbi afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ itẹ́ òkú. Àwọn ọmọ Gillies ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àlùfáà dúró síbẹ̀, ó ń wo Bàbá wa. Alàgbà ni Bàbá, wọn kò sì fẹ́ kí Àlùfáà rí àwọn bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìtàn ìyá àgbà. Ni wọ́n bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Ẹ máa kọjá. Àgbà ló ń ṣíwájú.”

Àwọn Gillies kọjá. Kò sí èyí tó lè wo ojú Màmá nínú wọn. Báyìí ni Catriona ṣe di ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Àwọn èèyàn tu Màmá nínú pé kò ní pẹ́, pé arúgbó pọ̀ ní Kilvarra, ẹnìkan yóò gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Ṣùgbọ́n oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbé pátákó wá. Wọ́n ní nítorí àwọn òkúta gbígbẹ́ tó wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ṣí itẹ́ òkú tuntun sí ẹ̀bá títì. Gbogbo arúgbó Kilvarra bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1971, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, tí yóò sì máa mú àwọn àlejò kiri ilé ìsìn tí kò ní òrùlé, òkúta àgbélébùú, ilé òkúta róbótó àti ìtàkìtì omi. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá ti na ọwọ́. Àádọ́ta ọdún gbáko ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ọjọ́ tí òjò dá wọn dúró. Bí àlejò aláwàdà bá béèrè pé, “Màmá, iwin yín dà?” wọ́n á ní, “Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mú un bọ̀ ni. Ẹ ka ara yín wò.”

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, obìnrin ará Jámánì kan dá kọ́kọ́rọ́ padà ní ọ̀sán gangan, ó ní, “Ọmọbìnrin ẹnu géètì yẹn mà gbọ́n o. Ó ní ká pa géètì dé kí àgùntàn má baà wọlé. Ọmọ ta ni?”

Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní, “Ṣé ó wọ bàtà?”

“Rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó dà bíi pé òtútù ń mú un.”

Ẹni mẹ́tàdínlógún ló rí i láàárín àádọ́ta ọdún, àlejò ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àlejò pé, “Ẹ bá wa kí ọmọ yín.” Màmá tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí i rí, àní lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó dùn wọ́n jù láyé nìyẹn, wọn kò sì fi pamọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, wọ́n máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, wọ́n á so ó mọ́ géètì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Alasdair ní àgbọ̀nrín ló ń jẹ ẹ́. Màmá ní, “Kí àgbọ̀nrín máa jẹ ẹ́. Kì í kúkú ṣe ìwọ ló ń hun ún.”

Màmá kì í pa ìsìn jẹ. Síbẹ̀, Àlùfáà tuntun kan wá bá wọn nílé, ó ní, “Effie, ìgbàgbọ́ kèfèrí nìyẹn. Ẹni tó kú nínú Olúwa ti sinmi.” Màmá ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí géètì báyìí, Àlùfáà, kí ẹ tún un sọ níbẹ̀.” Àlùfáà wo ojú fèrèsé, ó ní tíì òun ṣì gbóná.

Bàbá wa kò kọjá lẹ́nu géètì yẹn mọ́ láti ọdún 1968. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde láyé ní ọdún 1993, wọ́n di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ní, “Effie, èmi ni mo ní kí wọ́n máa kọjá.” Màmá ní, “Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀.” Wọn kò fi ọwọ́ Bàbá sílẹ̀. Itẹ́ òkú tuntun la sin Bàbá sí. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà tiwọn kí ẹlòmíràn tó dé.

Ní ọdún 2019, Màmá rí ìwé bàbá àgbà wọn kan ní ìsàlẹ̀ àpótí. Ó wà níbẹ̀ pé sàréè kan ṣẹ́ kù fún àwọn MacRae nínú itẹ́ òkú àtijọ́. Ìjà ọdún méjì ni wọ́n fi bá àwọn aláṣẹ jà, kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní Màmá nìkan, kò sì sí ẹlòmíràn lẹ́yìn wọn títí láé. Nígbà tí ìwé àṣẹ náà dé, Shona bú sẹ́kún.

“Mọ́mì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa wá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ yín. Títí láé ni wọ́n kọ!”

“Mo kà á.”

“Ẹ ò wá bẹ̀rù?”

“Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Shona. Èmi ti dàgbà, mo sì ní kóòtù tó dáa. Gbé bírò wá.” Wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Màmá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n ní ká wọ̀ fún àwọn la wọ̀ fún wọn: kóòtù òjò, ìbọ̀sẹ̀ méjì, àti bàtà ìgunkè. Ẹ má bínú bí ó bá jọ yín lójú.

Màmá fi Alasdair àti Shona sáyé, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àrọ́mọdọ́mọ méjì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gun òkè yìí wá. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìyókù wà.

Catriona, àbúrò Alasdair, ẹ̀gbọ́n Shona, Mọ́mì ti dé. Fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Ó ti tó. Sùn re o.

Màmá, ẹ kú ìṣọ́.