Ẹṣin Mẹ́ta Nínú Oko Ìyá Rẹ

Rejoice ọmọ mi,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ọkọ̀ ojú omi gbé ọ kúrò ní Ararọ̀mí lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ. Báwo ni Ìbàdàn, báwo ni iṣẹ́, ṣé o ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó ń mú wa lọ sójú òkun tó sì ń mú wa bọ̀ yóò máa ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀, ojú rere ni àwọn ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́. Ara mi le. Ilé dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń jẹun, mo sì ń sùn.

Má bínú pé o ń pè mí tí mi ò gbé fóònù. Wọ́n ní bí fóònù bá bọ́ sómi, inú ìrẹsì ni kí a fi í sí, ìwọ náà sì mọ̀ pé kò sí ibi tí a yà sí níhìn-ín tí kì í ṣe omi, ni mo bá rò ó pé kí n má dúró dìgbà tó bá bọ́. Inú ìrẹsì ni mo ti fi í sí láti ọjọ́ tí o ti lọ, nínú garawa tó ní ọmọrí; bí mo bá ti ṣáájì rẹ̀ tán, mo máa ń dá a padà síbẹ̀. Omi kò kàn án rárá. Mo máa ń gbọ́ bó ti ń kùn níbẹ̀ bí eṣinṣin, ṣùgbọ́n kí n tó wú u jáde, o ti pa á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè máa wá nínú ìrẹsì lọ.

Rejoice, a ti gba oko ìyá rẹ là!

O rántí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un lẹ́yìn Igbókòdá, níbi tí omi kì í dé. Ìwọ náà gbọ́ ohun tó ń sọ lórí àìsàn, pé òkun ti jẹ ojúde wa tán, ó ń bọ̀ wá jẹ iyàrá, pé ilẹ̀ yẹn ni kí a tọ́jú fún ọ. Ṣùgbọ́n ọdún méje ni ẹnikẹ́ni kò ti ro ó, igi ti gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí o lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Olówòkéré, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ẹyẹ nìkan ló ń jẹ ilẹ̀ náà báyìí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì bá igbó níbẹ̀, òun yóò fún ẹni tó máa dáko sí i. Ó bi mí pé ta ni yóò tilẹ̀ ṣán an, ṣé èmi tí mi ò mú àdá rí àfi láti fi la àgbọn? Mo ní èmi náà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Àdá kò lè ṣe é, mo rí i lójú àwọn igi náà. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ìgégi, Mùnírátù lorúkọ rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ni. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé kò mọ ẹ́ńjìnnì tó bí àwa etíkun ti mọ̀ ọ́n. Oríṣi méjì ló kó sílẹ̀, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Mo bi í pé ẹṣin mélòó, bí a ti ń ka agbára ẹ́ńjìnnì, ló wà nínú èyí tó gùn, ó ní mẹ́fà. Mo bi í nípa èyí tó kúrú, ó ní mẹ́ta. Mo ní ẹṣin mẹ́ta kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ní ogójì! Mo ní kó wo inú páálí dáadáa bóyá mẹ́tàdínlógójì yòókù ṣì wà níbẹ̀. Ó ní bàbá, igi lẹ fẹ́ gé àbí òkun?

Lẹ́yìn náà mo béèrè dúrọ́ọ̀mù omi. O mọ̀ pé kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé ní etíkun tó ń sanwó ẹ́ńjìnnì láì kọ́kọ́ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù kó gbọ́ bó ti ń ké. Mo ti gbé ẹ̀rọ náà dé ìdí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbe omi òjò nígbà tí Mùnírátù fò kọjá orí káńtà bí ewúrẹ́, ó di ẹ̀rọ mú, ó ní bàbá ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í mumi! Gbogbo ọjà pé lé wa lórí. Mo ní ẹ́ńjìnnì tí kò lè fojú kan omi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e délé? Ó wá tàn án fún mi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohùn rẹ̀ le. Mo gbà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé epo ni mo ti bi í pé báwo ni ọ́ìlì tí èèyàn ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ó wò mí, ó ní èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó bi òun kí òun tó sọ.

Èyí tó gùn ló wù mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n Mùnírátù ní kí n gbé e dání bí ẹni tó ń gégi títí òun yóò fi dá oníbàárà kan lóhùn, kó sì tó padà dé, apá mi ti ń gbọ̀n. Mo wá rántí àjẹ̀ kúkurú tí ìyá rẹ fi ń tukọ̀, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun a sì ní èyí tí apá òun lè gbé títí dé ilé lòun fẹ́. Mo mú ẹlẹ́ṣin mẹ́ta.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ, kí ilé iṣẹ́ lè tún un ṣe bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan. Mo kọ Rhoda, orúkọ ìyá rẹ, nítorí oko tirẹ̀ ni. Mo ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, kò síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó wà láyé.

Nínú ìwé tó wà nínú páálí, wọ́n ya ọkùnrin kan tó ń gégi, ó fi ohun ìgbọ́rin ńlá bo etí méjèèjì, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà kò le tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi lè máa gbọ́ orin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn wọ ohun tí yóò dáàbò bò ó, mo sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí a máa ń wọ̀ lójú omi kí a má baà rì. Bí mo ti dé oko, Olówòkéré ti dúró ní ààlà pẹ̀lú Kọ́lájọ, ọkùnrin kan tó yá ẹ̀rọ wá bá a ṣán apá tirẹ̀. Ó rí mi, ó ké pé Bàbá Rejoice, ṣé igbó yìí jìn ni, ṣé ẹ máa rì ni? Kọ́lájọ jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tó gùn, ẹlẹ́ṣin mẹ́fà.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Mo ń gbóòórùn èéfín rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi, kò rùn bó ti yẹ. Mo bi í pé ṣé ó po ọ́ìlì mọ́ epo. Ó ní bàbá ẹlẹ́ja, ẹ gbájú mọ́ ẹja yín, pẹtiróòlù ni pẹtiróòlù ń jẹ́. Kò tíì gé igi kejì tán tí ẹ̀rọ náà fi ké kan ṣoṣo, ó gan, kò mí mọ́. Tèmi ń lọ! Mo ti po epo rẹ̀, mo ti mì í nínú kẹ́ẹ̀gì bí mo ti ń mì í láti ìgbà tí mo ti ń lọ sójú òkun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ka kan já lù mí láyà, jákẹ́ẹ̀tì ojú omi gbà á, mi ò tilẹ̀ jókòó. Kọ́lájọ ti wá ń bi mí níbi tí wọ́n ti ń ta irú jákẹ́ẹ̀tì náà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹwàá, ojú ọ̀run ṣú. Olówòkéré rìn yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ó ń fẹsẹ̀ ta kùkùté. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ṣí fìlà, ó ní Rhoda ti ní oko. Lẹ́yìn náà ló wá rọra béèrè bóyá mo lè bá òun ṣán apá tòun. Mo ní kó lọ wá ọ́ìlì. Òjò àkọ́rọ̀ bá mi lójú ọ̀nà bí mo ti ń padà bọ̀, mi ò sá fún un.

O rántí àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí ìyá rẹ gbin ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìn ilé nígbà tí kò rí ilẹ̀ mọ́. Mo gé igi ẹ̀gẹ́ náà, mo dì í, mo gbé e wọ ọkọ̀, mo sì gbìn ín sí oko rẹ̀. Ó ti ń rúwé.

Ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ṣéènì kejì tí ẹ̀rọ yóò máa fi gégi àti ọ́ìlì. Kí o sì bá mi ra irú ohun ìgbọ́rin tó wà ní etí ọkùnrin inú ìwé yẹn, kí o fi àwọn orin tí ìyá rẹ máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí o bá pè mí, jẹ́ kó dún pẹ́, ìrẹsì ni mo ń wú lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ yóò jẹ pupurú ẹ̀gẹ́ oko yìí, òkun kò ní tẹ̀lé yín débẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, Ọlọ́rundáre. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni n ó máa lọ ro oko ìyá rẹ.