Ẹ Jẹ́ Kí N Ṣí Sìmẹ́ńtì Ara Ògiri Yín, Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Èmi Lásìsì, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ajah níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí Súlè àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo ará abà. Ṣé orúnkún yín ti fún yín ní ìsinmi díẹ̀? Tíṣà kan tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé oko ni ẹ rán mi, ẹ kò rán mi ní ilé ìwé. Tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dán jù, ti tíṣà ni. Èyí tó bá le, tèmi ni.

Mo ní kí ó bá mi fi í sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé kà á. Ẹ má bínú. Súlè kọ̀wé sí mi pé ilé mẹ́ta ní abà ti ra sìmẹ́ńtì nítorí pé wọ́n rí bí mo ṣe fi rẹ́ ògiri ilé wa. Àwọn náà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìlàsàn ni a ń lọ lójoojúmọ́, níbi tí ìjọba ti ń kọ́ ilé alájà. Èmi ni mo ń po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì fún ọ̀gá mi, bíríkìlà ará Ìjẹ̀bú kan. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Owó tó ń wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn lójú mi, torí kò síṣẹ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò rí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ iṣu. Ẹja ni àwọn ará ibí mọ̀. Atẹ́gùn òkun kì í sinmi. Ènìyàn á kan pánù tuntun sórí ilé, kò ní pẹ́ tí ìṣó rẹ̀ á dípẹtà, tí òjò á sì máa gba ojú ìṣó wọlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ràfíù ni wọ́n ń pe onílé mi. Apẹja ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà tó yín, ilé alámọ̀ tí bàbá wọn kọ́ ni wọ́n sì ń gbé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ràfíù ọmọ wọn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ilé yẹn ni mo wò tí mo fi sọ pé tiwa náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Nínú òjò oṣù tó kọjá, omi gba ojú ìṣó wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí ojú ògiri mọ́ tónítóní. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń kírun alásárì lọ́wọ́, a gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n sọ àpò gàrí sílẹ̀. Ògiri yàrá bàbá ti jókòó sórí ibùsùn wọn. Ọ̀dọ̀ wa ní mọ́sálásí ni bàbá wà, ìyàwó wọn sì ń yan ẹja níta. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo wà lára àwọn tó kó àwókù rẹ̀. Amọ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ le koko, ó wà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí àwo. Bàbá Ràfíù wo ibùsùn náà títí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọmọ àwọn kúkú náwó.

Ọ̀gá mi wá wò ó. Wọ́n ní amọ̀ kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Amọ̀ máa ń mu omi, á sì tú u jáde tí oòrùn bá ràn. Tí a bá ti fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi tó wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ ra tiwa. Wọ́n ní mi ò béèrè, mo kàn wá sọ pé mo ti rà á ni.

Bàbá mi, ẹ rántí Iléyá èṣí. Tẹ́lẹ̀, lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, ẹ̀yin àti Ìyá mi lẹ máa ń po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, tí ẹ fi ń ra ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òjò bá ti jẹ ẹ́. Mo ní iṣẹ́ àwọn tí kò rí sìmẹ́ńtì rí nìyẹn. Ẹ ní kí n fi ilé yín sílẹ̀, n kò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti Súlè fi rẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ fọwọ́ kan ògiri, ẹ ní, “Lásìsì, ilé yìí ń mí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti dí i nímú.” Mo rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò ń yìn ín, ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀. Súlè ní ẹ máa ń gbé àga síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní ilà tín-ín-rín kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá yín, níbi orí ibùsùn, àti pé nígbà tí òun sọ ọ́, ẹ ní kí òun má fọwọ́ kan ilé tí Lásìsì ṣe fún yín.

Kí Súlè fi ìka lu ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ibi tó bá dún gbì, ó ṣì lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ibi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo, amọ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó fi èédú sàmì síbẹ̀, kí ó má fọ́ ọ. Kí ó gun òkè wo ojú ìṣó pánù, kí ó sì la ojú àgbàrá kí omi má dúró sẹ́sẹ̀ ilé. Kí àwọn ilé mẹ́ta yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tíì rẹ́ tirẹ̀, kí ó ta sìmẹ́ńtì rẹ̀. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, èmi ni n ó wá ṣí i. Ọ̀gá mi ti ní kí n lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ṣùgbọ́n òjò àrọ̀kúrò lè ṣáájú mi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò ní yàrá yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń sùn kí wọ́n tó bí mi. Mo jogún orí kunkun yẹn, mo mọ bó ṣe rí. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi ṣe orí kunkun, ẹ lọ ṣe é ní yàrá Ìyá mi. Láti kékeré, n kò sọ fún yín rí pé mo ṣì í ṣe. Mo ti ní kí tíṣà kọ ọ́ gbangba: Bàbá mi, mo ṣì í ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé yín.

Ìyá mi, bí Súlè bá ti kà á dé ibí, ẹ bá mi gbé ẹní Bàbá mi lọ sí yàrá yín. Ẹ má dúró de ìdáhùn wọn.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ilé kò ní wó lu ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ, àgbà àti èwe, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bára wa láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Lásìsì