Wọ́n Ní Kí N Lọ Kọ́ Ìyàwó Wa Bí Ọmú Ṣe Ń Wá

Kì í ṣe ọmú mi ló gba ọmọ mi là. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ admin, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má fi orúkọ mi hàn. Mo rò pé tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ àyà mi á já, àmọ́ kò sí nǹkan kan... ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń kọ.

Joburg níbí la wà, ní Randburg. Oyún mi ò tíì pé oṣù méje tí mo fi bí ọmọbìnrin mi. Ó kéré débi pé pampers tó kéré jù lọ ń dé àyà rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú incubator, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Sister, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa, ní kí n máa fún ọmú, pé ìfun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò tíì gbó, formula, wàrà inú agolo, lè da ikùn rẹ̀ rú, wàrà ọmú ló dáa jù. Mo fún un, mo fún un... ẹ̀kán díẹ̀ ló jáde, lẹ́yìn náà kò jáde mọ́. Mo mu ògì gbígbóná, mo jẹ ẹja, mo fi aṣọ gbígbóná lé ọmú. Òfo. Ni sister bá ní wàrà wà tí àwọn ìyá mìíràn fi tọrẹ, pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì ti gbé e kaná kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ó ní ṣé mo gbà. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo gbà, mo buwọ́ lùwé.

Mi ò sọ fún un. Nílé tiwọn, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé inú ọmú tí ọmọ bá mu ni ìwà rẹ̀ ti ń wá, ọmọ wọn kì í mu ọmú àjèjì. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bá mi lórí àga pẹ̀lú pọ́m̀pù láyà, á rí wàrà tí sister ń rọra tì wọ inú rọ́bà, á gbọ́wọ́ sókè, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọmú mi. Ṣé irọ́ nìyẹn? Mi ò sọ pé tèmi ni. Mi ò sì sọ pé kì í ṣe tèmi...

Ọmọ náà yè. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn, àwọn ará clinic ní ká má fi wé ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọjọ́ tó yẹ ká bí i ni ká ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ní báyìí ó ń sáré, gbogbo ohun tí a bá ní kó ṣe, “no” ló fi ń dá wa lóhùn. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ní agídí ìyá rẹ̀ ló mu nínú ọmú. Ó ti fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dúró síbẹ̀ bí igi, mi ò mọ nǹkan kan lára.

Ọ̀sẹ̀ yìí wá ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Turffontein, bí ọkùnrin láìpé oṣù. Ọmú tiẹ̀ náà ò wá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni dókítà sọ fún òun náà. Ọkọ rẹ̀ pe ọkọ mi pé kí ni kí àwọn ṣe. Mo wà nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ mi ní, “Láéláé! Ìyàwó tèmi ò ṣe irú ẹ̀, ọmọ tèmi sì yè. Ẹ ní sùúrù, ọmú á wá.” Bí wọ́n ṣe kọ̀ nìyẹn. Ìyàwó wa lè buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀ o, àmọ́ ta ni yóò ṣe é lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ti sọ̀rọ̀? Formula ni wọ́n ń fún ọmọ náà. Láti àná ni ikùn rẹ̀ ti ń wú, wọ́n ti dá oúnjẹ dúró, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan rẹ̀ ló kù tó ń gbà. Dókítà ní tí wọ́n bá máa tún bẹ̀rẹ̀, wàrà ọmú lòun fẹ́, kí ìdílé lọ tún un rò.

Ọkọ mi ti tún un rò. Ó ní kí n lọ sí ọsibítù lọ́la, kí n lọ kọ́ ìyàwó wa bí mo ṣe ṣe é tí ọmú mi fi wá. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ó ti ra ẹja wá láti Hillbrow kí n fi se ọbẹ̀ aláta lọ fún un. Ìyàwó wa sì ti kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: “Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ?”

Mi ò tíì dá a lóhùn. Tí mo bá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un, tó buwọ́ lùwé, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Mi ò bẹ̀rù pé ọkọ mi á lé mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá ṣe àṣìṣe kékeré, bàbá rẹ̀ á máa wo ojú rẹ̀ bíi pé ó ń wá ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó yẹ kí n máa sunkún, àbí? Ẹkún ò wá...

Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ìyàwó wa? Ọmọ yẹn ò tíì jẹun láti àná. Kí ni kí n sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́la?