Lẹ́tà Tí Sherdil Fò

Ẹ̀gbọ́n mi Gulalai,

Mo ti rí táńkì epo fún alùpùpù àtijọ́ Bàbá tí mo ń tún ṣe. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún ṣì ń dun Màmá.

Nígbà tí mo ha ọ̀dà táńkì náà, mo rí "Àdúrà Ìyá" tí gbogbo ayé ń kọ sára ọkọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kò sí níbẹ̀. Àṣìṣe tí àbúrò wa Sherdil ṣe nígbà tó kọ ọ́ sára táńkì tirẹ̀ ni, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kí òun àti alùpùpù rẹ̀ tó sọnù.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi ní Quetta. Ó ní, "Àbúrò, irin àlòkù ni mo ń tà, ṣé mo tún ń ta ìtàn ni?" Nígbà tó rí ojú mi, ó ní ọ̀nà Khuzdar ni irin náà ti wá. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sin òkú kan tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá yóò fi aṣọ tí wọ́n bá lára òkú náà hàn mí.

Àbúrò yín,
Zarghun